Ọjọ́bọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Dùbúlẹ̀

…kì í ṣe pé mi ò fẹ́ dìde. Mo fẹ́ dìde. Láti ìgbà tí oòrùn ti yọ lẹ́yìn òkè ni mo ti fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n orí ẹní ni mo wà, ẹ̀yìn mi nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì lára ògiri, nítorí Màdáàmù Odette ní kí n gbé wọn ga ju àyà lọ. Ogún ìṣẹ́jú, ó ní. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n gbà mí láàyè láti ṣe.

Wọ́n á ti dé oko báyìí. Wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Grégoire ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù, á tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á ní, "Ó yá, kí oòrùn tó gbọ́." Oko mi nìyẹn o. Oko èmi Sylvestre, lẹ́sẹ̀ òkè níbí ní Tré, tí àwọn méje ń kọ ebè iṣu sí, tí èmi olóko sì nà gbalaja sínú ilé. Ìgbà wo ni wọ́n ń kọ ebè fún èèyàn lẹ́yìn rẹ̀? Bó bá ń ṣàìsàn ni. Tàbí bó bá ti kú. Nígbà tí bàbá Grégoire kú, àwa la parí ebè tó fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ lójú aporo títí a fi ṣe tán. Èmi ò kú. Èmi ò ṣàìsàn. Mo ń sinmi ni.

Sinmi… Ọ̀rọ̀ náà ò dáa lẹ́nu ọkùnrin nígbà tí ọyẹ́ ti dé, tí ilẹ̀ ń gbẹ, tí kálukú ń sáré kí ọkọ́ ó ṣì lè wọlẹ̀. Bàbá mi máa ń ní ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lójú oòrùn, yálà ibà ń ṣe é tàbí kò ní ìtìjú. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Kò gbóná.

Àwọn méje, mo wí. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹni kẹjọ… ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni kẹjọ sílẹ̀ ná.

Àáró wa ò ní òfin púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ la ń ṣe é, oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹni tí ò bá lè wá, kó rán ọwọ́ méjì míì wá. Ó parí. Èmi ni mo ní kí tèmi ó kẹ́yìn nígbà tí à ń pín in, mi ò rántí pé eré kẹ̀kẹ́ á bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Irọ́ ni mò ń pa. Mo rántí. Mo rò pé n óò kọ ebè lọ́jọ́bọ̀, n óò gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ méjì ṣáà wà láàárín, ta ni ọjọ́ méjì ò tó?

Kẹ̀kẹ́ náà wà ní igun ilé lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ní. Màdáàmù yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, ó fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó gbé e lọ sí Dassa. "Ẹ óò rí i gbà ní Àbámẹ́ta," ó ní. Obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Tíṣà eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ti sáré kẹ̀kẹ́ rí kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́, ó ń kọ́ àwa tó ń gun kẹ̀kẹ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo dúró níbẹ̀ mò ń wo táyà mi bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Mi ò lè bínú sí i. Ó mọ̀ pé bí kẹ̀kẹ́ bá pé, mi ò ní dùbúlẹ̀.

Nítorí ó ti mọ̀ mí. Ọdún tó kọjá, Ézéchiel ará Soclogbo fi gígùn táyà kan ṣoṣo jù mí sílẹ̀. Táyà kan. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí mo fi dé ilé, mo ṣì ń rí i. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní lọ́jọ́ Àìkú yìí ni wọ́n máa mú lọ sí eré ńlá ní Parakou. Ogójì ọdún ni mo máa pé lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í gba orúkọ ẹni ogójì. Nítorí náà èyí ni. Lẹ́yìn èyí mo di àgbẹ̀ tó ní kẹ̀kẹ́.

Mo ṣe gbogbo ohun tó ní kí n ṣe. Oṣù méjì. Ó kọ ètò náà sínú kàyé fún mi, ìwé aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gun òkè lẹ́ẹ̀mẹfà, fi gbogbo agbára gùn ún. Ọjọ́rú, rọra gùn, kí o lè máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń gùn ún. Ọjọ́bọ̀, sinmi. Mo sì ń sinmi. Ọlọ́run gbọ́, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tí mo sì kọ ọ́ sí kàyé pé mo sinmi. Mi ò purọ́ fún un rí.

Ṣùgbọ́n ara mi… Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú méje ni mo fi ń gun òkè ẹ̀yìn ilé wa. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, tí Màdáàmù wá fi aago wò mí, ó ju mẹ́jọ lọ. Mò ń ṣiṣẹ́ sí i, mò ń lọ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni tó fi ẹrẹ̀ wọ bàtà. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo ń ta jí kí àkùkọ tó kọ, mi ò sì ní rí oorun sùn mọ́. Nǹkan kékeré, inú á bí mi. Diane ọmọ mi bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ ilé rẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọkàn mi ṣe ń lù. Màdáàmù ní kí n máa kà á láràárọ̀, kí n tó dìde, ìka méjì lọ́rùn ọwọ́, ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ajé yìí, mẹ́rìndínláàádọ́rin. Lórí ẹní o, mi ò tíì gbé apá.

Nítorí ẹ̀ ló ṣe wá sílé ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí kàyé lórí itan, ó ń fi ìka tẹ̀lé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ìka náà sì ń dúró sí ibì kan náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ṣe ní Ọjọ́bọ̀?"

"Mo sinmi."

"Níbo lẹ ti sinmi?"

"Lóko Grégoire."

Ó ṣí ojú ewé míì. "Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní oko ẹlòmíràn ni, àáró ni. "Ebè mélòó?" Mo ní ẹni kọ̀ọ̀kan máa ń kọ tó àádọ́ta, nígbà míì ọgọ́ta bí ilẹ̀ bá rọ̀. Ó pa kàyé dé. Ó ní, "Bàbá Diane, ẹ ń kọ ọgọ́ta ebè, ẹ sì ń pè é ní ìsinmi?" Mo ní mi ò kúkú gun kẹ̀kẹ́.

Òótọ́ ni mo sì sọ. Kí ni mo mọ̀? Ìsinmi kẹ̀kẹ́ ni mo rò pé ó wí. Ọjọ́ tí kò sí kẹ̀kẹ́, èèyàn á lọ oko. Ọjọ́ tí kò sí oko, á lọ tún òrùlé ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi láyé mi pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ kéèyàn má ṣe ohunkóhun.

Mo tún sọ ti àbúrò bàbá mi fún un. Nígbà tó kú ní Soclogbo, gbogbo àáró wa ló bá mi lọ síbi òkú, a jókòó ọjọ́ márùn-ún, kò sí ọkọ́, kò sí kẹ̀kẹ́, a jẹ, a sùn lábẹ́ àtíbàbà. Mo padà dé, mo gun òkè ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti díẹ̀. Mi ò gùn ún yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní òkú ọ̀run ló tì mí lẹ́yìn, mo sì ra ọtí lọ dúpẹ́ lójú oórì rẹ̀. Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kì í ṣe àbúrò bàbá yín, ọjọ́ márùn-ún tí ẹ jókòó ni. Orí òkè kọ́ ni ara ti ń lágbára, ibẹ̀ ló ti ń fọ́. Ìgbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ mọ."

Mo lóye ìyẹn. Àgbẹ̀ ni mí. A kì í gbin iṣu sójú kan náà lọ́dọọdún, a máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta kó sinmi, koríko á hù, ewé á jẹrà, ó di ilẹ̀ padà. Mo mọ èyí láti kékeré. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ó kan èèyàn.

Ó ní bí mo bá fọwọ́ kan ọkọ́ lónìí, kí n má wá lọ́jọ́ Àìkú.

Kí ni mo wá fẹ́ ṣe? Àáró ò ṣeé sún. Ilẹ̀ ń gbẹ. Mo jókòó lálẹ́ àná mò ń ka ọmọkùnrin tí mo lè rán, kò sí, gbogbo ẹni tó ní apá ló ní ebè tirẹ̀. Euphrasie ń fọ abọ́. Kò wo ẹ̀yìn. "Ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, Bàbá Diane. Èmi ni ọwọ́ méjì yẹn."

Ìyàwó mi. Òun ni ẹni kẹjọ.

Obìnrin kì í kọ ebè iṣu níbí. Wọ́n ń gbin ín, wọ́n ń ro ó, wọ́n ń gbé omi wá, wọ́n ń ru iṣu lọ sílé. Ebè, ọkùnrin ló ń kọ ọ́. Òun ló se oúnjẹ àáró náà, àgbàdo àti ẹ̀wà, ó ti wà nídìí iná kí n tó lajú. Ó gbé ìkòkò karí, ó fi ọkọ́ mi kọ́ èjìká. Ọkọ́ mi wúwo. Mo gbọ́ ohùn Grégoire níta nígbà tí wọ́n ń kọjá. "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ara rẹ̀ le. Ó ń sinmi." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì tán títí wọ́n fi dé ìdí máńgòrò. Mo fi aṣọ bo ojú mi.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo wà lórí ẹní, ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú ìsinmi wo nìyí?

Bí mo bá dìde nísinsìnyí… oko ò jìnnà. Màá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní ó tó, lọ jókòó. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n òun. Mo mọ ojú tó máa fi wò mí. Á ní kí lòun wá ń ṣe láti àárọ̀ nígbà náà. Ogún ebè tó ti kọ, ọgbọ̀n ebè, yóò di asán. Mi ò lè lọ. Mi ò sì lè wà níbí. Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà sára ògiri.

Mo sùn lọ ni, àbí? Mo sùn lọ. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, ó ti ga. Ẹnu mi gbẹ. Mi ò tíì sùn lọ́sàn-án láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ara mi… ẹ wò ó, ara mi fúyẹ́. Mo na ẹsẹ̀, kò dùn mí níbì kankan. Itan mi tó ti le bí igi láti oṣù tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kà á. Ìka méjì. Mo gbé fóònù sójú, mò ń wo ìṣẹ́jú bó ṣe ń lọ… Ọ̀kànléláàádọ́ta.

Mo tún un kà. Ọ̀kànléláàádọ́ta. Ó kéré ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ Ajé mẹ́rìndínláàádọ́rin, lónìí ọ̀kànléláàádọ́ta, mi ò sì ṣe nǹkan kan, mo kàn dùbúlẹ̀. Òótọ́ ni Màdáàmù ń sọ. Òótọ́ ni. Ézéchiel ò mọ ohun tó ń bọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan, mo pe "Euphrasie" kí n tó rántí ibi tó wà.

Ó máa bi mí bó bá dé pé mélòó ni. Ó máa ń béèrè. Yóò ní, "Mélòó lónìí?" yóò sì máa lọ, pẹ̀lú ohun tó rù lórí.

Màdáàmù ka ti Euphrasie náà. Lálẹ́ Ọjọ́ Ajé yẹn… mo ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mi ò kàn rò ó mọ́ ni. Ó ti ka tèmi tán, Euphrasie jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ti tó wákàtí kan tó ti jókòó síbẹ̀. Màdáàmù ní, "Ẹ jẹ́ n ka tiyín náà, Ìyá Diane," eré ló fi ń ṣe, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní mélòó. Ó ní ọ̀kànléláàádọ́rùn-ún.

Ó ní, "Ìyàwó yín náà gbọ́dọ̀ sinmi o."

Kí ni mo sọ? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Euphrasie kì í kúkú gun kẹ̀kẹ́." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Kíá ni mo padà sórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀kànléláàádọ́rùn-ún. Lórí ìjókòó.

Ẹsẹ̀ tó wúwo… Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé yìí. "Bàbá Diane, ẹsẹ̀ mi wúwo." Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni, kí n tó mọ Màdáàmù pàápàá. Mo ní àgbà ló ń dé yẹn. Ó tún sọ ọ́ nígbà òjò, mi ò tilẹ̀ dá a lóhùn. Oúnjẹ. Ó máa ń jẹ ẹ́ dé ìdajì, á ní kò níyọ̀, ọbẹ̀ tí gbogbo wa jẹ tó níyọ̀. Nígbà tí Diane fọ́ igbá, ìyá rẹ̀ lù ú, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń sunkún, nítorí igbá. Mo ní kí ló ń ṣe obìnrin yìí. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, mo bọ́ síta.

Oorun ńkọ́? Mi ò mọ bó ṣe ń sùn. Mo mọ tèmi, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, wákàtí méje, wákàtí márùn-ún. Ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ó tó àkókò kí n nawọ́ mú fóònù kí n ka ọkàn mi kí n tó dìde. Láràárọ̀. Oṣù méjì. Ó ń gbálẹ̀, mo ń ka ọkàn mi. Mi ò gbọ́ ìgbálẹ̀ náà bí ohun tí ẹnì kan ń ṣe.

Ilẹ̀ pàápàá, mo fún un lọ́dún mẹ́ta.

Ó ń kọ ebè lọ́wọ́ báyìí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Bí mo bá dìde, mo ba tirẹ̀ jẹ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ọkàn mi ń rọ̀ sí i, tirẹ̀ ń lé sí i, nínú oòrùn yìí, pẹ̀lú ọkọ́ tó wúwo. Ara mi dùn. Ó dùn gan-an. Ojú ń tì mí bó ṣe dùn tó.

Mo fa kàyé mọ́ra. Ẹ̀yìn ìwé ṣì ṣófo. Màá kọ ti Euphrasie síbẹ̀, bí Màdáàmù ṣe kọ tèmi, ọjọ́ méjèèje, ìlà méje. Ọjọ́ kan péré ni mo ń wá tí n óò kọ ìsinmi sí. Ọjọ́ Ajé, gààrí ló ń dín, èéfín á pa á lójú títí di alẹ́. Ìṣẹ́gun ni ó ń gbé e lọ tà ní Dassa. Ọjọ́rú… Ọjọ́rú, aṣọ. Aṣọ mi ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti kẹ̀kẹ́, òórùn òógùn wọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni oúnjẹ àáró. Ẹtì, Àbámẹ́ta, igi ìdáná, ẹ̀gẹ́ bíbó, omi. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ wọ́n. Mo kàn ń kà wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú. Ìyẹn á ṣe é. Kì í lọ oko, bó bá ti Mísà dé, ó lè dùbúlẹ̀. Ó lè gbé ẹsẹ̀ sára ògiri yìí náà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ṣí ojú ewé ọ̀sẹ̀ yìí, kí n rí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí.

Orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kàyé dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú. Euphrasie. Oríta Soclogbo, lójú ọ̀nà eré, láti aago méje, kó má jókòó, kí n lè tètè rí i. Pẹ̀lú omi mi.